Igi Tó Ń Gba Atẹ́gùn fún Àwọn Yòókù

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn, tí ẹ máa ń bi mí pé, "Bàbá Títí, ṣé iṣẹ́ igi yìí dáa?", ìdáhùn mi rèé. Ó dáa. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe é. Orí òkè Scotland ni mo ti kọ́ ọ, Barking níbí, ní London, ni mo ti fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n n kò ní sọ èyí tó dáa nìkan fún yín. Iṣẹ́ yìí náà ló mú kí ọmọ ìyá méjì má bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án, torí pé mo gé igi kan tí n kò gbọ́dọ̀ gé, mo sì panu mọ́. Kí n tó kọ ọ̀rọ̀ yìí, mo pe àwọn méjèèjì lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí." Àbúrò ní, "Ẹ má yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀ o, Bùrọ̀dá. Ẹ má sì fi iyọ̀ sí i."

Ìlú kan láàárín àwọn òkè Èkìtì ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ní oko kòkó, èmi sì fẹ́ràn kí n máa gun igi ju kí n máa kàwé lọ. Nígbà tí mo dé London, páálí ni mo ń dì ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní River Road, ní Barking. Lọ́jọ́ kan, mo rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri níbi tí a ti ń jẹun, pé wọ́n ń wá òṣìṣẹ́ tí yóò máa gbin igi, tí yóò sì máa tọ́jú wọn, lórí àwọn òkè gíga ní Scotland. Mo kọ̀wé, wọ́n gbà mí. Owó rẹ̀ tó jẹun, ó sì ń ṣẹ́kù díẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀gá tí wọ́n fi mí sí lábẹ́ rẹ̀, obìnrin ni. Morag lorúkọ rẹ̀. Ó kúrú, ó gbẹ, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà, kò sì sí ọkùnrin kan nínú wa tó lè bá a gun òkè dọ́gba.

"Kí lo mọ̀ nípa igi?" Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí nìyẹn. Kò tilẹ̀ kí mi káàbọ̀.

Mo ní, "Bàbá mi ní oko kòkó, mà."

"Gbàgbé kòkó. Ta ló sì ń jẹ́ mà? Morag ni mò ń jẹ́."

Ibi tí ìjà wa ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa pe ẹni tó dàgbà tó ìyá mi lórúkọ? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ọ̀gá. Ó bínú títí, ó rẹ̀ ẹ́. Lọ́dún kẹta ni mo gbọ́ tó ń sọ fún àlejò kan pé, "Ọ̀gá ni wọ́n ń pè mí níbí." Ó sọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n fi í joyè.

Lọ́jọ́ kejì tí mo débẹ̀, ó mú mi gun òkè fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta. Nísàlẹ̀, àwọn igi páìnì ga, wọ́n tọ́ bí òpó iná. Bí a ṣe ń gòkè ni wọ́n ń kúrú. Nígbà tó yá, wọn ò ga jù mí lọ mọ́, gbogbo ẹ̀ka wọn sì kọjú sí ìhà kan ṣoṣo, bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn lọ́jọ́ tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ìhà kejì wọn ṣófo pátápátá. Nígbà tí a sún mọ́ téńté, àwọn igi kò dìde mọ́ rárá. Wọ́n sùn sílẹ̀, wọ́n tẹ́ bí ẹní láàárín òkúta.

Mo ní, "Ọ̀gá, àwọn yìí ń kú lọ."

Ó jókòó ti ọ̀kan tí kò ga ju orúnkún mi lọ, ó fọwọ́ pa á lára bí ẹni ń pa ẹran ọ̀sìn lára. Ó ní, "Èyí ti wà níbí kí wọ́n tó bí ìyá ìyá mi. Ìwọ ló máa kú kó tó kú."

Ó wá ṣàlàyé. Ní ìhà tí atẹ́gùn ti ń wá, atẹ́gùn máa ń gbé yìnyín wẹ́wẹ́, á sì máa fi ha ojú ẹ̀ka tuntun bí ìgbà tí wọ́n fi yanrìn fọ ìdí ìkòkò. Nígbà òtútù, omi inú ilẹ̀ á dì, gbòǹgbò ò ní rí nǹkan fà, síbẹ̀ atẹ́gùn á máa fa omi inú ewé gbẹ. Ẹ̀ka ìhà yẹn á kú. Èyí tó fara pamọ́ sẹ́yìn igi nìkan ló ń yè. Apá tí yìnyín bá sì bò mọ́lẹ̀ kì í kú, torí yìnyín náà á dà bí ìbora fún un. Ìdí nìyẹn tí igi òkè fi ń sùn sílẹ̀.

Ọdún kan gbáko ni kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan ayùn. Láràárọ̀, á fi ìborùn rẹ̀ dì mí lójú, á fà mí lọ́wọ́ lọ sídìí igi kan, á gbé ọwọ́ mi lé e. "Níbo ni atẹ́gùn ti ń wá?" N ó máa fọwọ́ wá a bí afọ́jú. Èèpo ìhà kan á le, á sì ti bó. Ara igi náà kì í rí róbótó, ó máa ń rí bí ẹyin. Nílẹ̀, gbòǹgbò á yọ síta bí okùn tí wọ́n fà le. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, kò ní sọ nǹkan kan. Bí mo bá ṣì í, èmi ni n ó gbé báàgì tirẹ̀ mọ́ tèmi títí di ìrọ̀lẹ́. Mo gbé báàgì yẹn títí ejìká mi fi bó.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kọ́ mi ní kùkùté. Bí ẹ bá gé páìnì tó dàgbà sínú atẹ́gùn, ẹ ó rí i pé ojú àárín rẹ̀ kò sí láàárín. Àwọn òrùka inú rẹ̀ fún pọ̀ ní ìhà tí atẹ́gùn ti ń wá, wọ́n sì nípọn ní ìhà kejì, níbi tí igi náà ti ń ti ara rẹ̀ kó má baà wó. Morag ní, "Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ìgbàkígbà tí atẹ́gùn bá mì í ló ń kọ́ ara rẹ̀ kún. Èyí tí atẹ́gùn ò bá mì rí, kò kọ́ nǹkan kan."

Ẹ̀kọ́ kan wà tó fi ìyà kọ́ mi. Ní etí igbó, igi tó kọ́kọ́ pàdé atẹ́gùn kì í lẹ́wà. Ó máa ń wọ́, ìdajì rẹ̀ á pá. Lọ́jọ́ kan tí a ń sàmì sí àwọn igi tí a máa gé, mo fi ọ̀dà pupa sí ọ̀kan lára irú wọn, torí ó ń bà mí lójú jẹ́. Morag rí i. Kò pariwo. Ó ní, "Dúró síwájú rẹ̀. Kọjú sí atẹ́gùn." Mo dúró. Òun wá jókòó sẹ́yìn mi, ó tú búrẹ́dì rẹ̀, ó bu tíì, ó ń jẹun lẹ́sọ̀lẹsọ̀. Omijé ń dà lójú mi, n kò mọ etí mi lára mọ́. Ó tó wákàtí kan kó tó sọ̀rọ̀.

"Ṣé tíì mi ti tutù?"

Mo ní, "N kò mọ̀, Ọ̀gá."

"Kò tíì tutù. Ṣé o ti wá mọ iṣẹ́ tó ń ṣe báyìí? Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ò rí atẹ́gùn rí láyé wọn. Gé e, wọ́n á wó lé ọ lórí, kí o wá máa sáré."

Mo fọ ọ̀dà náà kúrò. Mo sì rò pé mo ti gbọ́.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìgbéyàwó ló gbé mi padà sí Barking. Ìyàwó mi, Ìyá Títí, ní òun ò lè máa gbé níbi tí àgùntàn ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Mo rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan tó ń tọ́jú igi ojú títì, láti Abbey títí dé Dagenham. Iṣẹ́ náà dùn. Bí mo bá so rọ̀ lórí okùn, n ó máa gbọ́ èdè wa nísàlẹ̀. Obìnrin kan dúró sábẹ́ igi lọ́jọ́ kan pẹ̀lú báàgì ọjà lọ́wọ́, ó ń pariwo: "Bàbá! Ẹ sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ jọ̀ọ́! Àbí ẹ ò níyàwó nílé ni?"

Mo ní, "Òun ló rán mi."

"Ẹ lọ bi í léèrè dáadáa!"

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Ayùn ọlọ́wọ́ méjì, àáké àti okùn la fi bẹ̀rẹ̀ lórí òkè, pẹ̀lú òòlù onígi tí a fi ń kan igi lára láti gbọ́ bóyá inú rẹ̀ ti ṣófo. Nígbà tó yá, ayùn tó ń mu epo gba gbogbo rẹ̀, ariwo rẹ̀ sì ba etí mi ọ̀tún jẹ́. Lẹ́yìn náà ni ti bátìrì dé, tí kò pariwo. Mọ́tò dé tó ń gbé èèyàn gòkè nínú apẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ dé tí wọ́n ń so mọ́ igi, tó ń fi inú rẹ̀ hàn lórí fóònù. Mo fẹ́ràn wọn. Ẹ̀yìn mi tilẹ̀ fẹ́ràn wọn jù mí lọ. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹ̀rọ tó lè sọ fún èèyàn pé igi yìí ló ń gba atẹ́gùn fún ìyẹn. Ojú la fi ń rí i. Èèyàn sì lè ní ojú kó má lò ó.

Ìjọ wa wà ní tòsí River Road, nínú ilé kan tó jẹ́ ilé ìkẹ́rùsí tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti bá bọ́ọ̀sì dé Creekmouth, níbi tí odò Roding ti wọ Thames, mọ irú atẹ́gùn tó ń fẹ́ lágbègbè yẹn. Kò sí òkè níbẹ̀, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń dí atẹ́gùn lọ́wọ́ láti orí omi. Páìnì mẹ́rin tò tẹ̀ léra nínú ọgbà ìjọ wa. Mẹ́ta ga, wọ́n tọ́, wọ́n dára. Èyí tó wà ní ìhà odò wọ́, ìhà kan rẹ̀ pá, gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ kọjú sí ilé.

Nígbà tí ìkórè ọdún kan ń sún mọ́, tí a ń retí àlejò láti àwọn ìjọ mìíràn, Bàbá Ìjọ, ìyẹn olórí wa, pè mí sápá kan.

Wọ́n ní, "Bàbá Títí, igi yẹn ń dójú tì wá. Ó dà bí ẹni tí àìsàn ti ń ṣe tipẹ́. Òun làlejò máa kọ́kọ́ rí."

Mo ní, "Bàbá, igi náà ò ṣe nǹkan kan."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Ẹ̀yin lẹ mọṣẹ́. Ẹ bá Ọlọ́run ṣe é."

Lẹ́nu iṣẹ́, a ní ìwé kan tí a gbọ́dọ̀ kọ kí a tó gé igi kankan. Inú ìwé yẹn ni mo ti máa ń ya ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà, kí n sì kọ ohun tó wà lẹ́yìn igi náà. N kò gé igi kankan rí láìkọ ọ́. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀gá, iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ jókòó máa kọ ìwé lórí iṣẹ́ Ọlọ́run? Bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Mo gbé ayùn wá lọ́jọ́ Sátidé, kò tó wákàtí kan tí igi náà fi wálẹ̀. Ìyá Ṣadé, tó jẹ́ olórí ilé ìdáná ìjọ, gbé abọ́ ìrẹsì fún mi kó tó fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ẹ ti tún wa lójú ṣe." Mo jẹ ẹ́ tán.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé ìkórè ni Sístà Bísí, àbúrò Ìyá Ṣadé, sọ pé òun ń lọ sí ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì kan ní Dagenham. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lẹ́nu géètì, ẹ̀bẹ̀ di ìjà. Gbogbo wa la gbọ́ ohun tí Bísí sọ kó tó wọ mọ́tò: "Ẹ máa jókòó síbẹ̀! Ọjọ́ tí ilé yìí bá wó lé yín lórí, ẹ má pè mí!"

Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí ìjì jà. Àárọ̀ Sátidé ni, Ìyá Ṣadé nìkan ló wà ní ilé ìdáná, ó ń fọ ìkòkò. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìyí, bó ṣe sọ ọ́ fún mi: "Mo kọ́kọ́ rò pé lọ́rì ló kọlu ilé. Mo gbọ́ gììì. Nígbà tí mo máa wò, ewé wà nínú ìkòkò tí mò ń fọ̀. Mo wá ń ronú pé, ta ló gbé ewé wá síbí? Ẹsẹ̀ ò tíì máa dùn mí nígbà yẹn."

Páìnì kejì, èyí tó tẹ̀ lé èyí tí mo gé, ló hú tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, tó wó lé òrùlé ilé ìdáná. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Ìyá Ṣadé kán níbi méjì. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù. Mo lọ wo ìdí igi náà. Ní ìhà odò, gbòǹgbò tó yẹ kó nípọn bí apá mi kò ju ìka mi lọ. Igi tó ga tó bẹ́ẹ̀, kò tíì bá atẹ́gùn jà rí. Èyí tó ń bá atẹ́gùn jà fún un ni mo ti gé. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò ìjọ rán wá wò yíká, ó kọ ọ́ pé ìjì ni. N kò sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, ẹnì kan rántí ọ̀rọ̀ Bísí. Ìyá Ẹgbẹ́ Akọrin ni. Ó ní, "Ẹnu yẹn ni. Ẹ ò gbọ́ nígbà tó sọ ọ́ ni? Àjẹ́ ò ju ìyẹn lọ." Ní ọ̀sẹ̀ kan, ó ti di ohun tí gbogbo ìjọ mọ̀. Ó dé etí Ìyá Ṣadé lórí ibùsùn ọsibítù. Nígbà tí Bísí gbé ọbẹ̀ ẹja lọ fún un, Ìyá Ṣadé kọjú sí ògiri, ó ní kí nọ́ọ̀sì sọ fún Bísí kó máa lọ. Bísí sọ fún mi lẹ́yìn náà pé, "Mo jókòó nínú bọ́ọ̀sì, mò ń sunkún lójú gbogbo ayé. Obìnrin òyìnbó kan gbé tíṣù fún mi."

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìjókòó mi kò jìnnà sí ti Ìyá Ẹgbẹ́ Akọrin. Ìyá Títí nìkan ni mo sọ ọ́ fún. Ó ní, "Kí lẹ ń dúró dè?" Mo ní mò ń dúró kí ẹsẹ̀ Ìyá Ṣadé san. Irọ́ ni. Ojú ló ń tì mí. Èmi ni wọ́n ń pè ní ẹni tó mọ igi.

Oṣù mẹ́sàn-án kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ náà jinná, ṣùgbọ́n ọ̀pá ni Ìyá Ṣadé fi ń rìn. Nígbà náà ni mo fẹ̀yìn tì. Ilé-iṣẹ́ mi ṣe àpèjẹ kékeré fún mi, ọ̀gá wa sì dìde, ó ní, "Ní gbogbo ọdún tí ọkùnrin yìí fi ṣiṣẹ́, igi rẹ̀ kan ò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe rí." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo bọ́ sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, n kò lè jáde.

Ní ọjọ́ kejì, mo pe Morag. Ó ti darúgbó gan-an, ó ń gbé ilé àwọn arúgbó kan lẹ́bàá òkè rẹ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ṣé o wo gbòǹgbò?"

"Mo wò ó, Ọ̀gá."

"O ti mọ̀ nígbà náà. Kí lo tún ń bi mí?"

Ohùn rẹ̀ wá rọ̀. Ó ní, "Èmi náà gé ọ̀kan rí, nígbà tí mo ṣì kéré. Odindi ẹ̀gbẹ́ igbó kan ló wó tẹ̀ lé e. Mo sọ pé ìjì ni. Kò sí ẹni tó wà lábẹ́ tèmi. Ẹnì kan wà lábẹ́ tìrẹ. Lọ bá a."

Mo lọ bá Ìyá Ṣadé nílé rẹ̀ ní Abbey, àjà kẹfà. Ó jókòó síwájú ilẹ̀kùn tó ṣí sí báákónì, ìwé bílì wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, mo kọ ẹ̀yìn sí ìta.

Mo ní, "Ìyá Ṣadé, ṣé atẹ́gùn ń dé ọ̀dọ̀ yín?"

"Rárá. Ẹ wọlé ẹ jókòó."

Mo yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Atẹ́gùn wọlé, ó gbá gbogbo ìwé orí tábìlì sílẹ̀.

"Bàbá Títí, kí lèyí?"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Igi tí mo gé nìyẹn. Òun ló ń dúró fún àwọn tó kù. Mo mọ̀ kí n tó gé e, wọ́n ti kọ́ mi. Kì í ṣe ẹnu Bísí. Èmi ni mo ṣẹ́ yín lẹ́sẹ̀."

Kò ní kí n dìde. Ohùn rẹ̀ kéré. "Oṣù mẹ́sàn-án. Mo kọ̀ kí Bísí wá síbi ìkómọjáde ọmọ Ṣadé. Ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà."

"Mo wà níbẹ̀."

"Ti ẹsẹ̀ mi, mo lè dárí ẹ̀ jì yín. Èyí tó kù, ẹ̀yin àti Bísí ni." Ó na ọwọ́ mú ọ̀pá rẹ̀. "Ẹ dìde. Ẹ gbé mi lọ sí Dagenham."

Bísí ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú aṣọ ìdáná lára. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá, ó rí èmi, kò sọ pé ẹ wọlé. Orí ìdúró náà ni mo ti rò ó fún un. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn.

"So ẹ jókòó ti àwọn tó ń pè mí ní àjẹ́, ẹ sì ń jẹ ìrẹsì lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bísí."

"Nine months! Bùrọ̀dá, èèyàn fi ń bímọ o!" Ó fi aṣọ nu ojú. "Ẹ má sọ ọ́ fún mi. Mo ti mọ̀ pé kì í ṣe èmi. Ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ ni kí ẹ ti lọ sọ ọ́."

Mo ní n ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá Ṣadé wá ní, "Bísí, ọbẹ̀ ọjọ́ yẹn…"

"Nọ́ọ̀sì ló jẹ ẹ́. Ó ní ata ẹ̀ pọ̀ jù."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé wọ́n ṣèèṣì ni. Bísí kò pè wá wọlé. Ṣùgbọ́n ó di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lápá mú dé ibi mọ́tò.

Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ ìjẹ́rìí bọ́ síwájú, mo bọ́ síwájú nínú sùtánà mi, láìwọ bàtà, bí a ṣe máa ń ṣe. Ẹsẹ̀ mi tutù. Mo sọ bí igi ṣe ń gba atẹ́gùn fún igi, mo sọ ẹni tó kọ́ mi, mo sọ ìwé tí n kò kọ, mo sọ oṣù mẹ́sàn-án. Ẹnì kan kùn lẹ́yìn pé, "Ṣùgbọ́n Bísí fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́."

Mo ní, "Ó bínú ni. Ayùn kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi ló wà."

Bàbá Ìjọ dìde lórí àga wọn. Wọ́n ní, "Èmi ni mo ní kó gé e. Ó sọ fún mi pé igi náà ò ṣe nǹkan kan, n kò gbọ́. Ẹ kọ orúkọ tèmi mọ́ ọn."

Ìyá Ṣadé fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde. Ó ní, "Àbúrò mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo fẹ́ kí ẹni tó pè é ní àjẹ́ lọ mú un wọlé fún mi."

Bísí wà lẹ́nu ọ̀nà lóòótọ́, nínú kóòtù, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tètè lọ. Ó pẹ́ kí Ìyá Ẹgbẹ́ Akọrin tó dìde. Obìnrin tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ni. Ó rìn láàárín àga kọjá lójú gbogbo wa. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Bísí, ó di fírémù ilẹ̀kùn mú, ó fẹ́ kúnlẹ̀.

Bísí fò mú un lápá méjèèjì. "Háà, Mà! Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi! Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

"Jẹ́ kí n kúnlẹ̀."

"Rárá o! Ta ló máa gbé yín dìde?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá Ẹgbẹ́ Akọrin kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró síbẹ̀ títí Bísí fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó bọ́ bàtà rẹ̀. Ìyá àgbà náà wá gba bàtà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ sídìí ògiri níbi tí gbogbo wa ń kó bàtà sí, ó sì rọra tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.